Àwòrán Kejìlá Awẹ̀fò

Mọ́kànlá ni àwòrán tí Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ parí kí ikú tó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkejìlá wà lórí tábìlì rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, bó ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́: bébà funfun kan tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju ìlà mẹ́rin tó fi pààlà etí rẹ̀ lọ, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kọ sísàlẹ̀, wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà: Awẹ̀fò àti ọmọ.

Ó di oṣù kẹrin báyìí tí ọkọ rẹ̀ ti ń nu eruku tábìlì náà láràárọ̀ láìgbé bébà yìí kúrò. Á nu ọ̀tún, á nu òsì, á rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àárín, á gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di ibi iṣẹ́.

Bàbá Láàbù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama kan, kì í sì í ṣe olùkọ́. Òun ló ń fọ ìgò. Òun ló ń fi òògùn pa ọ̀pọ̀lọ́ kí ó má baà jẹ̀rora, òun ló ń la inú eku, tó ń fi abẹ́rẹ́ kan awọ rẹ̀ mọ́ pákó, kí olùkọ́ tó wọlé wá máa fi ọ̀pá tọ́ka fún àwọn ọmọ pé ọkàn rèé, ẹ̀dọ̀ rèé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ inú ẹranko bí ọwọ́ aránṣọ ti mọ àpò ṣòkòtò. Àwòrán nìkan ni kò mọ̀ ọ́n yà. Bó bá ya adìyẹ fún ọ, o lè bi í pé ìkòkò ta nìyí.

Inú yàrá yẹn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti pàdé. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló rán obìnrin náà wá ya ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ fún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà bá òun gbé ọkàn náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kí òun lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé e sókè, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí obìnrin náà délé, ó sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ti rí ọkùnrin kan tó lè dákẹ́ fún wákàtí méjì láìjẹ́ pé inú ń bí i, pé bí wọ́n bá ń wá ọkọ fún òun, kí wọ́n má wulẹ̀ rìn jìnnà mọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ya ẹja, ó ya ọ̀pọ̀lọ́, ó ya alángbá, ó ya ẹyẹ, ó ya àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, títí ìka rẹ̀ fi mọ̀ wọ́n lójú oorun. Nígbà tó yá, ó ní ó ti sú òun láti máa da iṣẹ́ tí Ọlọ́run ti parí kọ. Ó fẹ́ ya ẹranko tirẹ̀, èyí tó ń gbé nínú ayé kan tó jìnnà sí tiwa, níbi tí omi ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, tí òru kan ṣoṣo sì gùn tó oṣù mẹ́ta wa. Ó pè é ní awẹ̀fò, nítorí ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì ń fò. Ìpẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹja, ìyẹ́ wà lápá rẹ̀, ìrù rẹ̀ ń já bíi ti alángbá, ó sì tún ń hù padà. Irun kúkúrú bo ikùn rẹ̀ bíi ti ehoro, ọ̀fun akọ rẹ̀ sì ń wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ lásìkò òjò.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú: ohunkóhun tó bá yà gbọ́dọ̀ lè wà láàyè. Nídìí oúnjẹ alẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń jà á. Bó bá ní ìyẹ́, ṣé omi ò ní rin ín? Ọkọ á ní kó fi àpò òróró sí ìdí ìrù rẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Bó bá ń mí nínú omi, tó tún ń mí lókè, ọ̀nà wo ni ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ gbà? Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ méjì gbáko ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ ní yàrá mẹ́rin tó fún ọkàn ẹranko yòówù, aya ní òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ilé kíkọ́. Yàrá márùn-ún ni ọkàn awẹ̀fò ní títí dòní. Ẹ ti mọ ẹni tó borí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Olóòtú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ránṣẹ́ pe Bàbá Láàbù. Obìnrin onínúure ni Olóòtú, ó sígbọnlẹ̀, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń wá awò ojú rẹ̀ káàkiri tábìlì nígbà tí awò náà wà lórí irun rẹ̀. Ó kí bàbá náà kú ìrọ́jú, ó bi í bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, kó tó wá sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé awẹ̀fò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwòrán méjìlá ni wọ́n ti kéde fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Bí ìkejìlá kò bá dé ọwọ́ òun lọ́jọ́ Jímọ̀, ayàwòrán tó wà lọ́fíìsì wọn yóò parí rẹ̀. Kódà ó ti fi pẹ́ńsùlù dán an wò. Olóòtú nawọ́ bébà kan sí i: abo awẹ̀fò kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọmọ mẹ́rin rọ̀ mọ́ ọn níkùn, wọ́n ń mu ọmú.

Àwòrán náà dára. Ìyẹn gan-an ló ba Bàbá Láàbù nínú jẹ́. Ó wò ó, ó tún un wò, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí rẹ̀: awẹ̀fò kò lọ́mú. Ọmú níbo? Ta ló fún un? Bí ìwé yìí bá jáde bẹ́ẹ̀, irọ́ ni yóò parí iṣẹ́ obìnrin tí kò fi pẹ́ńsùlù purọ́ rí láyé rẹ̀. Àmọ́ bí ó ti mọ̀ pé awẹ̀fò kò lọ́mú, kò mọ ohun tó ní dípò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ ọ́ fún un. Ó ti ní ìgbà tí òun bá yà á tán ni yóò rí i, kó yé fi ìbéèrè yọ òun lẹ́nu.

"Màdáámù," ló wí, "ẹ fún mi di ọjọ́ Jímọ̀."

Olóòtú bi í pé ta ni yóò yà á. Ó ní ọmọ òun ni.

Ó yá ẹnu láti sọ ju ẹsẹ̀ láti lọ. Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ya àwòrán ilé fún àwọn akọ́lé ní ìhà kejì ìlú. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá sílé, ó mú aṣọ òtútù ìyá rẹ̀, ó sì lọ. Wọn kò jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà. Nígbà tí dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ikùn ìyá, ìdánwò àṣekágbá ọmọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá sì ní kí ọkọ òun má sọ fún un. Gbogbo ìgbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ bá pè lórí fóònù, baba á ní inú rírun lásán ni, oògùn ń ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló wá pè é pé kó máa bọ̀. Nígbà tí ó dé, ohùn ìyá rẹ̀ ti lọ. Ó mọ ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Láti ọjọ́ náà, Tẹ́ẹ́rẹ́ kò pe baba rẹ̀ ní Bàbá mọ́. "Sà" ló ń pè é, bí ẹni ń kí ọ̀gá ọ́fíìsì.

Bàbá Láàbù di àwòrán mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú páálí, ó gbé wọn lọ bá a níbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àga fún un, ó ń ṣe ẹ kú àbọ̀ bàbá, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń wo rúlà ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí baba ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ọmọ ní òun yóò máa wá lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán, di Ọjọ́bọ̀.

"Torí màmá mi ni o, sà."

Baba ní òun mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá. Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ó tẹ́ bébà tirẹ̀, ó sì ya ohun tó wá sí i lọ́kàn, abo tó ń fún ọmọ lọ́mú, bíi ti ayàwòrán ọ́fíìsì. Baba kò bá a jiyàn. Ó mú àwòrán kejì jáde, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti dojú ikùn abo awẹ̀fò sókè tó sì ya irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kó wá orí ọmú kan fún òun níbẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wá a títí, kò rí i. Ó ní bóyá ìyá òun gbàgbé ni.

"Ìyá rẹ," ni baba wí, "tó ka irun imú eku. Òun ló máa gbàgbé ọmú."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n dán ìtẹ́ wò. Ẹyin awẹ̀fò wà nínú àwòrán keje, mẹ́sàn-án, wọ́n rọ̀ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, wọn kò ní èèpo. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní kí abo sàba lé wọn. Baba ní ẹranko tó wúwo bẹ́ẹ̀, ẹyin díndín ni yóò fi wọ́n dá. Ọmọ ní kí wọ́n fi wọ́n sínú omi. Baba fi àwòrán kẹwàá hàn án: òru ti dé, omi ti di yìnyín. Ọmọ ní kí ìyá fò kó wọn lọ síbi tí oòrùn wà. Baba fi ìkẹsàn-án hàn án: àwọn abo ń fò lọ lóòótọ́, ọ̀wọ́ ńlá, wọ́n dojú kọ ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ní etí ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbogbo wọn ṣófo. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ti rí i dájú pé kò sí ẹni tí yóò ṣi ìyẹn rò. Ó ya èékánná ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní lílà sílẹ̀.

"Ibo wá ni wọ́n kó ẹyin wọ̀nyí sí?" ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. Kò jọ pé ó ń bi baba rẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó ni tábìlì ló ń bi.

Ó ku àwòrán kan tí wọn kò tíì gbé yẹ̀ wò, ìkọkànlá. Bí baba ti nawọ́ sí i, ọmọ da ojú rẹ̀ dé.

"Mi ò fẹ́ rí ìyẹn, sà. Ara màmá mi ni wọ́n yà síbẹ̀."

Baba mọ ohun tó ń sọ. Awẹ̀fò kan ló wà níbẹ̀, ó jókòó sétí omi tó ti dì, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ó pa ẹnu dé pinpin. Oṣù tí ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè jẹ nǹkan kan mọ́ ló yà á. Olóòtú ti bi baba bóyá àìsàn ló ń ṣe ẹranko náà, kí wọ́n lè kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ lọ. Baba jókòó ti páálí náà títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò lójú fèrèsé. Kó tó gbé wọn pamọ́, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe fún ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó ka àwọn nọ́ńbà. Ìyàwó rẹ̀ kì í ya ẹranko kan láìkọ ìwọ̀n rẹ̀ sí igun bébà. Àwọn ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ á wọ̀n ọ́n, á pe nọ́ńbà, aya á kọ ọ́. Fún awẹ̀fò, ó ń fi ọkàn ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n ni. Akọ inú àwòrán kẹjọ, èyí tí ọ̀fun rẹ̀ wú, jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gíráàmù. Ẹranko inú àwòrán kọkànlá jẹ́ ẹgbẹ̀ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi lẹ́tà kékeré kan kọ ọ́ pé akọ ni.

Akọ. Kò ka ìyẹn rí. Ojú tó ń sunkún ò ríran dáadáa, bí àwọn àgbà tilẹ̀ ní ó yẹ kó máa ríran.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tètè dé yàrá sáyẹ́ǹsì ṣáájú àwọn ọmọ. Ó gbé ìgò méjì sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Nínú èkíní, akọ ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú òògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà. Ó fi ẹ̀mú fa awọ ọ̀fun rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan níbẹ̀. Igbe lásán ni a dá a fún, igbe kò sì gba ẹ̀jẹ̀. Nínú ìgò kejì, ilé ọmọ abo ehoro wà. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ bò ó bí gbòǹgbò ṣe ń bo ilẹ̀ etí odò. Bàbá Láàbù dúró láàárín ìgò méjèèjì. Ó rántí ọ̀fun akọ inú àwòrán kẹjọ, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fi tàdáwà pupa ya ìlà sí i, ìlà lórí ìlà, títí ibẹ̀ fi ń dán. Nígbà náà, òun ti bi í léèrè pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ariwo lásán ńkọ́, obìnrin náà sì ní kó jẹun rẹ̀ kó má bàa tutù.

Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ kì í fi tàdáwà pupa ṣòfò.

Ó gbàgbé láti gbé ìgò padà. Nígbà tí olùkọ́ dé, ó bá a tó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnugò.

Ní ọ̀sán, kí Tẹ́ẹ́rẹ́ tó bọ́ àpò lọ́rùn, baba ti tẹ́ àwòrán mẹ́ta sílẹ̀ fún un: ìkeje, ìkẹjọ, ìkọkànlá. Ọmọ fẹ́ yíjú kúrò lára ìkọkànlá.

"Wò ó," ni baba wí. "Kì í ṣe ìyá rẹ. Akọ ni."

Ó fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n hàn án, ó fi lẹ́tà náà hàn án. Ó ní kó wo ọ̀fun rẹ̀ dáadáa, bó ṣe wú díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, bí nǹkan ṣe ta kókó níbẹ̀. Kó kà wọ́n. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé awò sí i, ó kà wọ́n, ètè rẹ̀ ń mì. Mẹ́sàn-án ni.

"Akọ ló kó wọn sọ́fun," ni baba wí. "Nígbà tí àwọn ìyá lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bọ́ wọn, ara rẹ̀ ló ń mú wọn gbóná. Kò lè jẹun títí òru fi máa tán, torí bó bá gbé oúnjẹ mì, á gbé wọn mì pẹ̀lú."

"Kò sì lè ké."

"Kò lè ké. Bó bá la ẹnu, wọ́n á bọ́ sórí yìnyín kí ọjọ́ wọn tó pé."

Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé awò sílẹ̀. Kò wo ojú baba rẹ̀, àwòrán ló ń wò.

"Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ wọn bá pé, á la ẹnu. Àbí kò ní là á?"

"Á là á."

"Ẹ̀yin pẹ́ kí ẹ tó la tiyín."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni baba wí. "Mo pẹ́."

Ọmọ dúró bóyá baba yóò tún sọ nǹkan, pé ìyá rẹ ló ní kí n má sọ, pé ìdánwò rẹ ni mo rò. Òun pàápàá ti mọ àwọn àwáwí náà, ó ti dá wọn lóhùn lọ́kàn ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Kò sí èyí tó jáde. Baba kàn dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí wọ́n ká ìgò fífọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó tẹ́ bébà ìyá rẹ̀ gangan, èyí tó ní ìlà mẹ́rin àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù.

"Ẹ bá mi gbé ìkẹjọ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó mì."

Ó gbé e. Apá rẹ̀ ti darúgbó ju ìgbà ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ọmọ ń bi í léèrè bó ṣe ń yà á. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ṣé ìyẹ́ ló máa kọ́kọ́ ní ni àbí ìpẹ́? Ó ní ìpẹ́, torí omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Ìrù ńkọ́? Ó ní wọ́n máa ní ìrù, ṣùgbọ́n kò tíì lè já. Ojú wọn là? Ó là. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun rò pé ọ̀kan nínú wọn kò ní fẹ́ jáde. Baba ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kò burú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn méjèèjì ló lọ bá Olóòtú. Ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, ó wá awò ojú rẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì bá a mú un sọ̀kalẹ̀ lórí. Ó wò ó títí. Akọ awẹ̀fò kan tó rù hangogo wà létí omi tó ń yọ́, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó la ẹnu gbàgà, àwọn ọmọ ń gba orí ahọ́n rẹ̀ jáde. Mẹ́jọ ti wà nínú omi. Ìkẹsàn-án dúró lórí ètè, ó yí ojú padà sí inú ọ̀fun.

Olóòtú ní iṣẹ́ dára, ọwọ́ ìyá ni ọwọ́ ọmọ. Àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun. Ọmọdé ló máa ka ìwé yìí. Wọ́n á ní bàbá ń jẹ ọmọ rẹ̀. Ó fa àwòrán ọmú yẹn jáde láti inú fáìlì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí èyí ń sọ, kò sì ní dá oorun ọmọ kankan dúró.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo baba rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé baba yóò ní "ó dáa náà, Màdáámù," wọn yóò sì máa lọ.

Bàbá Láàbù ní kí Màdáámù jọ̀wọ́ fún òun láyè díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin tí kò ní èèpo. Ó sọ ti yìnyín, ó sọ ti ọ̀fun àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nínú ìgò àti ehoro tó wà nínú ìgò, ó sọ ìwọ̀n, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ẹgbẹ̀ta. Ó ń gé ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó ń padà gbé e, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé tó ń kọjá yọjú wọlé, ó sì gbàgbé láti jáde. Olóòtú bi í pé ìyá wọn wá dà, kí ló dé tí ìyá fi wọ́n sílẹ̀.

"Kò fi wọ́n sílẹ̀," ni Bàbá Láàbù wí. "Ara abo kò lè gba òru yẹn. Bó bá dúró, á kú, ẹyin á sì kú tẹ̀lé e. Ó fi wọ́n síbi tó mọ̀ pé wọ́n á gbóná ni, kó tó lọ. Màdáámù, bí ẹ bá fi ọmú sí i, ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá nìkan ló lè gbé ọmọ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tó máa ka ìwé yìí, kì í ṣe ìyá ló wà nílé."

Olóòtú tún tẹ̀ síwájú sórí àwòrán, ó sì fi ìka kan èyí tó dúró lórí ètè.

"Eléyìí ńkọ́? Kí ló ń wò?"

"Kò fẹ́ lọ ni," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Olóòtú. Ó ní àbúrò òun gan-an nìyí, ẹni ogójì ọdún tó ṣì wà nílé bàbá wọn. Ó da àwòrán ọmú dé, ó ní kí wọ́n kàn tún ojú akọ náà ṣe, kó là á díẹ̀ sí i, kí ọmọdé lè rí i pé ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ yọ pẹ́ńsùlù láti inú àpò, ó ṣe é lórí ìdúró, ìlà mẹ́ta péré. Olóòtú tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn bébà.

Wọ́n jáde sí ibùdókọ̀. Ọ̀sán mú, òjìji ilé kan ṣoṣo ni wọ́n rí sá sí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun ò mọ̀ pé baba òun lè sọ̀rọ̀ pẹ́ tó báyẹn, pé òun fẹ́ pe àwọn èèyàn wá wò ó. Baba rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù tí kò mọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí.

"Ọ̀rọ̀ kan wà," ló wí. "Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ṣáájú ọjọ́ tí mo pè ọ́. Ohùn ìyá rẹ ṣì wà. Ó ní kí n pè ọ́."

Tẹ́ẹ́rẹ́ yíjú sí i.

"Ó ní kí n jẹ́ kí ìdánwò lọ, kí n pè ọ́ kó lè bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní tó bá di ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, mo tún ní tó bá di ọ̀la. Kì í ṣe òun ló dá mi dúró mọ́ nígbà yẹn, Tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá ti pè ọ́, òótọ́ ni."

Bọ́ọ̀sì dé. Ó dúró níwájú wọn, àwọn èrò ń sọ̀, àwọn mìíràn ń wọlé. Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró bí òpó. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó fi ọwọ́ kan di okùn àpò rẹ̀ mú. Awakọ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lọ. Ó wo bọ́ọ̀sì náà, ó wo àga tó ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, títí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ẹ máa lọ," ló sọ fún awakọ̀.

Bọ́ọ̀sì lọ. Eruku rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó sórí òkúta tó wà ní ìdí ògiri, kò sún jìnnà, kò sún mọ́ baba rẹ̀.

"Kí ni wọ́n tún sọ lọ́jọ́ Àìkú náà? Ẹ má fo ìkankan."

Baba jókòó. Ó ronú díẹ̀, kó má baà ṣì í sọ. Ó ní ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ní kí òun mú àwòrán ilé tó yà fún ìdánwò wá, èyí tó fi ránṣẹ́ sílé. Ó wò ó, ó sì ní ilé yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìdáná jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, pé ẹni tó bá gbé ìkòkò gbóná láti ibẹ̀ wá síta á kú sọ́nà.

Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ohun kan náà ni olùdánwò sọ.

Bọ́ọ̀sì kejì dé, ó lọ. Baba ṣì ń sọ ọ́.